Ẹ̀rìndínlógún: Nọ́ńbà Tó Gbé Ìṣirò Sínú Orúkọ Ara Rẹ̀

Mo tọrọ ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn àgbà tó wà ní ìjókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín ni mí. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ lẹ́nu mi, ẹ bá mi tún un ṣe.

Iṣẹ́ oníṣirò owó ni mò ń ṣe. Nílé ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́, mo sì gba oyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí. Láti ìgbà náà, owó olówó ni mò ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tèmi kì í gba àkókò púpọ̀ láti kà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé àwọn tó ti dúró níbí ṣáájú mi ti sọ nípa ìkíni, ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, oúnjẹ àti aṣọ, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa. Mo ní kí èmi mú ohun kan ṣoṣo wá látinú àpò iṣẹ́ mi. Nọ́ńbà kan ni. 16 ni. Ẹ̀rìndínlógún.

Kí ló dé tí mo fi gbé nọ́ńbà wá síbi tí ìlù ti ń dún? Ẹ jẹ́ ká fetí sí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nínú ilé wa. Yorùbá wa máa ń já gaara títí nọ́ńbà yóò fi dé. “Ọmọ mi, lọ bá mi ra ẹyin twelve wá.” “Dádì yín máa dé ní half past six.” “Èló ni wọ́n tà á? Fifteen pounds.” Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń gbọ́. Ohun tí wọ́n ń rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé Yorùbá jẹ́ èdè ìkíni, èdè àdúrà àti èdè ìbáwí. Bó bá ti kan kí a ronú, kí a ṣírò, a ó ti Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fa Gẹ̀ẹ́sì yọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tilẹ̀ ti bi mí rí pé, “Uncle, ṣé Yorùbá ní maths?” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kó rí ìdáhùn gidi. Ìdáhùn náà ni mo mú wá lónìí: Yorùbá ní ìṣirò, ó ní in débi pé ó gbé e sínú orúkọ nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ náà bí ẹni ń tú ẹrù. Ẹ̀rin ni 4. Dín ni kí nǹkan kéré sí i, kí a yọ lára rẹ̀. Ogún ni 20. Ẹ̀rin-dín-ní-ogún: ogún tí a yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. 20 − 4 = 16. Ọmọ tó bá pe orúkọ yìí ti ṣe ìṣirò kan kí ó tó pa ẹnu dé.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Sixteen wá látinú six àti ten; mẹ́fà lé lórí mẹ́wàá. Ìyẹn ń wo ẹ̀yìn. Àwa náà máa ń wo ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀: ọ̀kànlá, èjìlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀rìnlá, gbogbo wọn lé lórí ẹ̀wá. Ṣùgbọ́n bó bá ti di 15, a ó yíjú síwájú: ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀rìndínlógún, ẹ̀tàdínlógún, èjìdínlógún, ọ̀kàndínlógún, títí a ó fi gúnlẹ̀ sí ogún. Bí ti arìnrìn-àjò ló rí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ń sọ ibi tó rìn dé. Ẹni tó ti ń sún mọ́ ibi tó ń lọ ń sọ ohun tó kù. Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe 18 ní duodeviginti, ìyẹn ni pé méjì dín lógún, bíi tiwa gẹ́lẹ́.

Níbo ni èyí ti wá? Ní ọdún 1887, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nípa oǹkà Yorùbá. Ó ní inú kíka owó ẹyọ ló ti wá. Ẹni tó ń kà á á máa fa ẹyọ márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin di ogún, òkìtì kan nìyẹn. Òkìtì ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Bí òkìtì ogún bá ti wà nílẹ̀, ẹni tó fẹ́ mẹ́rìndínlógún kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Á kàn yọ mẹ́rin kúrò, ó parí.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí á rántí pọ́n-ùn àti ṣílè. Ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nílẹ̀ yìí títí di ọdún 1971, àti ní Nàìjíríà títí di ọdún 1973 tí náírà dé. Bí ọjà bá jẹ́ ṣílè mẹ́rìndínlógún, tí ìyá kan sì na pọ́n-ùn kan, orúkọ ọjà náà ti sọ ṣéńjì rẹ̀ fún un: ṣílè mẹ́rin. Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ẹ mú owó bébà ogún pọ́n-ùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ra nǹkan pọ́n-ùn mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ 16 kúrò nínú 20. Ẹni tó bá pè é ní Yorùbá, ṣéńjì rẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó débi owó sísan.

Kọ́kọ́rọ́ kan náà yìí ń ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, 36 ni mẹ́rìndínlógójì, 56 ni mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, 76 ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, 96 ni mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tó mọ ọ̀kan ti mọ gbogbo wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tó wà nínú èyí fún ìdílé. Ìyá mi wà nílé, ọmọ mi obìnrin sì ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọmọ bi í pé, “Grandma, ẹ ti tó ọmọ ọdún mélòó?” Màmá dáhùn pé, “Mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.” Ọmọ yíjú sí mi. N kò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo kàn sọ pé, “Ọgọ́rin ni ogún mẹ́rin. Yọ mẹ́rin kúrò.” Ó ronú díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì, ó ní, “Seventy-six!” Lẹ́yìn náà ló tún sọ, láìsí ẹni tó bi í, pé, “Ó ku ọdún mẹ́rin kí Grandma pé ọgọ́rin!” Inú màmá dùn lórí fóònù. Ohun tí òun gan-an ń sọ nìyẹn. Bí a bá ti yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ náà, iye ọdún ni ì bá gbọ́, kò ní gbọ́ pé ìyá ńlá òun ti ń wo ọgọ́rin lọ́ọ̀ọ́kán.

Orúkọ la ti sọ. Ẹ jẹ́ ká wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ó kàn yín báyìí. Bí ẹ bá délé, ẹ ka ọmọ ayò mẹ́rìndínlógún sórí tábìlì; bí kò bá sí ayò, ẹ lo ẹ̀wà tàbí súìtì, ṣùgbọ́n ẹ má tíì jẹ ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ pín in sí méjì: 8. Ẹ tún un pín: 4. Ẹ tún un pín: 2. Ẹ tún un pín: 1. Ìgbà mẹ́rin lẹ pín in, kò sí èyí tó ṣẹ́kù, kò sí èyí tí ẹ ní láti là. Ẹ dán 20 wò: 10, lẹ́yìn náà 5, ọ̀nà ti dí. Ẹ dán 18 wò: 9, ọ̀nà ti dí. Láti 9 títí dé 31, ẹ̀rìndínlógún nìkan ló ń pín dé ẹyọ kan láìkọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún ìwọ̀n. Nílẹ̀ yìí, ounce mẹ́rìndínlógún ni pound kan, títí dòní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi pound àti ounce sọ bí ọmọ tuntun ṣe wúwo tó. Ẹni tó fẹ́ ìlàjì gba mẹ́jọ, ẹni tó fẹ́ ìdá mẹ́rin gba mẹ́rin, kò sí àríyànjiyàn.

Àwọn nọ́ńbà tó lè pín 16 láìṣẹ́kù jẹ́ márùn-ún péré: 1, 2, 4, 8 àti 16 fúnra rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tó kéré sí i tó ní irú márùn-ún bẹ́ẹ̀. Ẹ wá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ ro àwọn tó kù pọ̀: 1 + 2 + 4 + 8 = 15. Àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń pe nọ́ńbà ní pípé bí àwọn tó ń pín in bá ro pọ̀ di òun gan-an. 6 jẹ́ pípé, nítorí 1 + 2 + 3 = 6. 28 náà jẹ́ pípé. Ẹ̀rìndínlógún ku ẹyọ kan kí ó pé. Ó dà bí ọmọ tó gba 99 nínú 100, tí bàbá rẹ̀ ń bi í pé níbo ni ẹyọ kan yòókù wà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yìn wọ́n.

Ẹ tún wo èyí. Ẹ gbé ọmọ ayò kan sílẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta yí igun rẹ̀ kan ká, ó di igun mẹ́rin kékeré, méjì méjì. Ẹ fi márùn-ún yí ìyẹn ká, ó di mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ fi méje yí i ká, ó di ìlà mẹ́rin, mẹ́rin mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. 1 + 3 + 5 + 7 = 16. Mẹ́rin ni àwọn nọ́ńbà tí ẹ rò pọ̀, mẹ́rin náà ni ẹ̀gbẹ́ igun mẹ́rin yín. Bí ẹ bá fi mẹ́sàn-án kún un, yóò di márùn-ún márùn-ún, 25. Ẹ máa bá a lọ títí súìtì yóò fi tán.

Èyí tó wù mí jùlọ wá rèé. Ẹ kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ sọ wọ́n di púpọ̀: 2 × 2 × 2 × 2 = 16. Ẹ kọ 4 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: 4 × 4 = 16. Èjì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí. Ẹ lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà ṣe máa ń rí. Ẹ dán 2 àti 3 wò: 2 × 2 × 2 = 8, 3 × 3 = 9, kò dọ́gba. Ẹ dán 2 àti 5 wò: 32 àti 25. Ẹ dán 3 àti 4 wò: 81 àti 64. Bí ẹ bá wá a títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, láàárín gbogbo nọ́ńbà odidi láti ení lọ sókè, kò sí méjì mìíràn tí kò dọ́gba tó lè ṣe é. 2 àti 4 nìkan ni, ẹ̀rìndínlógún sì ni ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, mo rí yín. Nínú Ife Àgbáyé, láti ọdún 1986 títí dé 2022, orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún ló máa ń kù bí ìpele àkọ́kọ́ bá parí. Super Eagles wa wà lára wọn ní 1994, 1998 àti 2014. Láti ibẹ̀, ẹni tó bá pàdánù, ilé yá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó la ó gbá kí a tó mọ ẹni tó gba ife? Ẹ lè ro ó pọ̀: 8 + 4 + 2 + 1 = 15. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó kúrú ju ìyẹn lọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ń lé ẹnì kan lọ sílé. Kí ẹyọ kan tó kù nínú mẹ́rìndínlógún, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ lọ sílé. Nítorí náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Bí ẹ bá fi ti ipò kẹta kún un, ó di mẹ́rìndínlógún padà.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní pápá ká lọ sí ọjà. Láyé àwọn baba wa, ọjà kan lè jẹ́ ọjà ọrún, òmíràn ìsán, òmíràn ìtàdógún. Nínú ọrún ẹ ó gbọ́ 5, nínú ìsán ẹ ó gbọ́ 9, nínú ìtàdógún ẹ ó gbọ́ 17. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Bí ọjà ọrún bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná. Ajé kan, Ìṣẹ́gun méjì, Ọjọ́rú mẹ́ta, Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin, Ẹtì márùn-ún. A ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló wà láti ọjà kan sí èkejì. Gbogbo yín, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ìka mélòó? Márùn-ún. Àlàfo mélòó ló wà láàárín wọn? Mẹ́rin. Ẹ káre. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsán ṣe jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, ìtàdógún sì jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

4, 8, 16. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ọjà mẹ́ta bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan ọrún, ọ̀kan ìsán, ọ̀kan ìtàdógún, ọjọ́ ìtàdógún ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tún pàdé, nítorí mẹ́rin ń pín mẹ́rìndínlógún láìṣẹ́kù, mẹ́jọ náà sì ń pín in. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé mọ ìyẹn lórí. Nínú iṣẹ́ tèmi, ọ̀rọ̀ ìka àti àlàfo yìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó kàwé. Èlé owó láti ọjọ́ kìíní oṣù dé ọjọ́ kẹtàdínlógún, ṣé ti ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni àbí ti mẹ́rìndínlógún? Àfi kí a yẹ ìwé àdéhùn wò. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé ohun méjì ni wọ́n.

Nọ́ńbà yìí wọ inú ìtàn wa náà. Àwọn Èkìtì ń sọ nípa ọba aládé mẹ́rìndínlógún wọn, ìjọba ìbílẹ̀ tó sì wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ní Òṣogbo, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún. Ṣùgbọ́n ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti jinlẹ̀ jùlọ ni Ifá. Kìrìsìtẹ́nì wà nínú gbọ̀ngàn yìí, Mùsùlùmí wà, onísẹ̀ṣe wà. N kò wá wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ìṣirò ni mo wá kà.

Babaláwo ń tẹ àmì ní ipò mẹ́rin. Ní ipò kọ̀ọ̀kan, àmì náà lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Ọ̀nà méjì, ní ipò mẹ́rin: 2 × 2 × 2 × 2. Ẹ ti mọ ìdáhùn. Mẹ́rìndínlógún ni. Apá ọ̀tún wà, apá òsì wà, nítorí náà 16 × 16 = 256. Nínú wọn, mẹ́rìndínlógún ni ọ̀tún àti òsì wọn dọ́gba. Àwọn ni ojú odù. Àwọn yòókù jẹ́ 240, òjìlénígba, tí a ń pè ní ọmọ odù. Báwo la sì ṣe ń pe 256? Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta: 200, lé 60, dín 4. Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ìṣúra gbogbo ọmọ aráyé. Ní 2008, wọ́n fi í sínú àkójọ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà nílé-ìwé, ẹ ti gbọ́ nípa byte. Ipò mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ 0 tàbí 1. Ọ̀nà tí a lè gbà tò ó jẹ́ 256. Àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà máa ń pín ipò mẹ́jọ náà sí mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì ní àmì mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ń kọ wọ́n: 0 dé 9, lẹ́yìn náà A dé F. Ẹ má lọ sọ fún olùkọ́ yín pé Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà. N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí méjèèjì: kí a mú ohun kékeré tó ní ọ̀nà méjì, kí a tò ó, títí yóò fi gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ lè sọ ìyẹn níbikíbi, kí ẹ sì gbé orí yín sókè.

Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún náà wà tí wọ́n fi ń dífá. Wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á ka iye tó ṣí ojú. Ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ ẹyọ kan, títí dé mẹ́rìndínlógún. Ọ̀nà mẹ́tàdínlógún nìyẹn, ìka àti àlàfo tún ti dé. Ẹ̀rìndínlógún ni orúkọ dídá náà, orúkọ yìí sì rìn jìnnà. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà àti Bràsíl. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù, wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé. Síbẹ̀ dòní, ní Bràsíl, merindilogun ni wọ́n ń pè é. Ní Kúbà, diloggún ni. Ẹ fetí sí ti Kúbà yẹn: dín-lógún. “Ẹ̀rin” ti bọ́ sọnù lójú ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń sọ pé nǹkan dín lógún, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sọ iye tó dín mọ́.

Àwọn yẹn la agbami òkun kọjá nínú ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì pa èyí tó ṣeé pa mọ́. Àwa wọ bàálù wá, pẹ̀lú báàgì méjì méjì àti gàrí nínú rẹ̀. Kí ni ìdí tí ọmọ tiwa kò fi ní lè kà dé ogún?

Àwọn kan lè sọ pé oǹkà Yorùbá le, kí a fi lélẹ̀. Òótọ́ ni pé ó gba ìrònú; ìrònú náà sì ni èrè rẹ̀. Claudia Zaslavsky, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa oǹkà Yorùbá sínú ìwé rẹ̀ Africa Counts ní ọdún 1973. Helen Verran, ará Australia tó ti bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2001. Bí àlejò bá rí iyì nínú ohun tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wa, kò yẹ kí onílé máa fi ẹsẹ̀ tì í.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ gbogbo ilé wa fún. Èkíní, bí ẹ bá ń gbé àwo sórí tábìlì, bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹ máa kà á ní Yorùbá dé ogún. Èkejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pe ìyá ńlá tàbí bàbá ńlá rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó béèrè ọjọ́ orí wọn, kí wọ́n dá a lóhùn ní Yorùbá, kí ó sì ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá lọ ra nǹkan pẹ̀lú ogún pọ́n-ùn, kí ọmọ sọ ṣéńjì kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kò lè ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí yóò tú ká, oníkálukú sí ìlú tirẹ̀, sí ilé ọkọ, sí ẹnu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá gbé dání ló máa bá wọn lọ. Ogún ni a ń pe nọ́ńbà yẹn, ogún náà sì ni a ń pe ohun tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Nínú ogún ti oǹkà, a lè yọ mẹ́rin, kó sì dùn ún gbọ́. Nínú ogún ti baba, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yọ ẹyọ kan.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ju wá lọ. Wọn kò ní sọnù sílẹ̀ àjèjì. A kò ní ka ara wa kí a dín o.